Fíríìjì Tó Ń Kú Lọ́jọ́ Ọjà

Ìfura loògùn àgbà, bí bàbá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn, ẹ̀kọ́ náà sì wọ̀ mí lára jù. Bí mo bá jókòó ti kọ̀ǹpútà mi nílé wa ní Ìjerò, mi ò gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni gbọ́. Ńṣe ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Nítorí náà, nígbà tí fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibùdó ìlera kan ní ìlú Ara bẹ̀rẹ̀ sí í kú, èèyàn ni mo fura sí.

Èmi Adérìnsọ́lá ni mo ṣe ẹ̀rọ kékeré tó ń darí fíríìjì náà. Bí ooru bá fẹ́ wọlé, ẹ̀rọ yìí á tan mọ́tò tó ń mú òtútù wá. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, á kọ aago tí wọ́n ṣí i sílẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí fóònù mi. Kẹ́nẹ̀lì ló gbé gbogbo rẹ̀ ró, ìyẹn ètò ìsàlẹ̀ pátápátá tó ń pín ààyè ìrántí fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó sì ń gbà á padà bí iṣẹ́ bá parí. Èmi fúnra mi ni mo kọ ibi tó ń pín ààyè yẹn, mo sì máa ń fi yangàn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni fíríìjì kú, ọjọ́ ọjà Ara sì ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fóònù mi á dákẹ́, ooru á wọlé, abẹ́rẹ́ á bàjẹ́. Ìyá Mardiyah ló ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin tó ti ń gún ọmọ Ara lábẹ́rẹ́ kí n tó mọ ìwé kà. Mo rò ó, mo tún un rò: lọ́jọ́ ọjà, èrò pọ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ cháájì fóònù. Ó ń yọ wáyà fíríìjì mi! Ó fún mi ní ìwé kékeré kan pé òun kọ ohun tí òun rí sínú rẹ̀, mo jù ú sísàlẹ̀ báàgì. Ta ni kò lè kọ irọ́ sínú ìwé? Mo kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé èèyàn ló ń pa fíríìjì náà. Wọ́n ní kó wá wí tẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí kò bá rí àlàyé ṣe, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ ọjà tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo lọ sí Ara láti ká a mọ́bẹ̀. Mo ní mo wá nu sólà tó ń fún fíríìjì níná. Mo wá jókòó ti wáyà, ojú mi kò kúrò lára rẹ̀.

"Adérìnsọ́lá, ṣé o ti jẹun?" ni Ìyá Mardiyah bi mí.

"Mo ti jẹun, mà." Irọ́ ni. Oúnjẹ rẹ̀ pàápàá ń fu mí lára.

Kò pẹ́ tí àwọn ìyá fi dé láti oko. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn: wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀ lọ́jà, wọ́n á sì gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́, kí wọ́n má baà rin ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì. Ìlẹ̀kùn fíríìjì kò sinmi. Ó ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí. Lójú mi báyìí, iná ara ẹ̀rọ kú. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan wáyà.

Ìyá Mardiyah ti ń kó abẹ́rẹ́ sínú kúlà oníyìnyín. "Ó tún ti kú. Ṣebí mo kọ ọ́ sínú uwé tí mo fún ọ?"

Mo tú báàgì mi, mo ṣí ìwé náà. Ohun tó kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju èyí lọ: *Ọjọ́ ọjà. A ṣí i tẹ̀léra wàràwàrà. Ó kú.*

Mo ṣí kọ̀ǹpútà lórí ẹsẹ̀ mi níbẹ̀, mo wá ìlà tí èmi fúnra mi kọ. Kẹ́nẹ̀lì ń gba ààyè padà kí ẹ̀ka tó ń ránṣẹ́ sí fóònù tó parí iṣẹ́. Ẹ̀ka yẹn ò mọ̀, ó tún ń padà lọ kọ nǹkan síbẹ̀, bí ẹni tó ti dá oko padà fún olóko tó tún ń lọ fi àdá ṣán iṣu ẹlòmíràn níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí èrò kò sí, ààyè náà ṣófo, kò bá nǹkan kan jẹ́. Lọ́jọ́ ọjà tí ìlẹ̀kùn ń ṣí léraléra, kẹ́nẹ̀lì á ti fi í fún ètò mọ́tò, ohun tí ẹ̀ka yẹn kọ síbẹ̀ á ba ètò náà jẹ́, ẹ̀rọ á sì kú. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Ojú tì mí dé egungun.

"Ìyá, ẹ̀bi mi ni. Màá kọ lẹ́tà mìíràn sí wọn."

"Má kọ lẹ́tà. Uṣẹ́ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Bá mi lọ, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo dúró níwájú àwọn ọ̀gá, mo jẹ́wọ́. Àgbà wọn wò mí láti òkè délẹ̀. "Lẹ́tà rẹ kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni obìnrin yìí fún ọ?"

Ìyá Mardiyah gba ìwé kékeré náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà kò ṣí i, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gẹ́lẹ́ bí èmi náà ti ṣe. Mo mú un, mo kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ kan tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi sórí tábìlì, mo ṣe é bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn tẹ̀léra wàràwàrà, ó sì kú lójú gbogbo wọn.

Ìyá Mardiyah padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti tún ìlà náà ṣe, fíríìjì ò kú mọ́. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo ń lọ sí Ara láti wò ó. Ìyá Mardiyah máa ń dá mi lóhùn dáadáa, ṣùgbọ́n kò bi mí mọ́ bóyá mo ti jẹun.