Fóòmù Inú Àpótí Ẹja Nurain

Ràódátù wọ pálọ̀, ó bá àwọn ẹja Nurain, ọkọ rẹ̀ olóògbé, lójú omi nínú àpótí dígí, wọ́n ń la ẹnu wá èémí.

"Àǹtí Kàfáyá, ta ló fọwọ́ kan àpótí yìí?"

"Èmi ni, ìyàwó. Mo gbé javel tí a fi ń pa kòkòrò ìdọ̀tí wá láti àdúgbò Lazaret lánàá, mo fi fọ fóòmù tó ń sẹ́ omi ẹ̀. Ìdọ̀tí rẹpẹtẹ! Ṣé kí àwọn áfà wá bá a bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ fídáù àbúrò mi ni?"

Nurain máa ń sọ pé àwọn ẹ̀dá tí ojú ò lè rí ló ń gbé inú ìdọ̀tí yẹn, pé àwọn ló ń sọ májèlé ìgbẹ́ ẹja di oúnjẹ ewé inú omi. Javel ti pa wọ́n.

Ràódátù gbọ́n ìlàjì omi náà dànù, ó fi omi tó ti sùn nínú àmù rọ́pò rẹ̀. Ó sáré lọ yọ fóòmù kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ nínú ìkòkò àwọn ọmọ ẹja lẹ́yìnkùlé.

"Ìdọ̀tí mìíràn?"

"Àbúrò yín ló sìn ín, Àǹtí; àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ló ń tún omi ẹja ṣe."

Kàfáyá gba fóòmù náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ rì í sínú àpótí.

Àwọn áfà kí sálámà lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin méjèèjì ṣì tẹjú mọ́ dígí, títí ẹja kan fi rọra lúwẹ̀ẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ewé.