Òdòdó Amọ̀ Tí Kò Kún Àyè

Bíríkìlà tó mọṣẹ́ ni Sìrájù, ṣùgbọ́n òdòdó amọ̀ kan ṣoṣo ti sọ ọ́ di ẹni yẹ̀yẹ́ ní Treichville, àdúgbò kan nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Ilé eré àtijọ́ kan ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀. Òdòdó amọ̀ sísun ni wọ́n fi ṣe iwájú ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́, ọ̀kan sì ti fọ́. Sìrájù fi amọ̀ tútù tẹ ẹ̀dà rẹ̀ lára èyí tó kù, ó sun ún, ó gbé e gun òkè: ó kéré. Ó ṣe òmíràn: òun náà kéré. Odette, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ náà, ní bí ẹ̀kẹta ò bá kún àyè, sìmẹ́ńtì làwọn máa fi dí i, Sìrájù á sì máa lọ sílé.

Ó sáré tọ Màmá Àlàkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, lọ ní àdúgbò Attécoubé, kó lè ra èédú tó máa fi sun ẹ̀kẹta. Èédú ni Màmá ń tà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò ni wọ́n ń mọ ní Ìgbòho kí ike tó gbọjà. Wọ́n wo òdòdó náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"O ò mọ̀ pé amọ̀ máa ń súnkì? Àpáàdì èyí tó fọ́ ńkọ́?"

Inú àpótí lọ́dọ̀ Odette ló wà. Nígbà tí Màmá débẹ̀, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gún un mọ́ amọ̀, Odette figbe ta.

"Ah non, Mà! Patrimoine nìyẹn, ogún ìlú ni!"

"Ẹ tọ́jú èyí tó ní ọnà lára, ọmọ mi. Ẹ fún mi ní wẹ́wẹ́ rẹ̀. Àpáàdì àtijọ́ ló ń kọ́ amọ̀ tuntun bí wọ́n ṣe ń fara da iná."

Odette ṣí àpótí.

Màmá gún un, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n pò ó mọ́ amọ̀. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi mọ òdòdó náà, wọ́n fi ìbú àtàǹpàkò kan mú un tóbi ju àyè rẹ̀ lọ yípo, kó lè súnkì dọ́gba nínú iná, wọ́n sì sun ún. Ẹnu ya Sìrájù, ojú sì tì í. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń ra èédú lọ́wọ́ wọn, kò bèèrè rí ohun tí ọwọ́ náà mọ̀.

Lọ́jọ́ vendredi, ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé òdòdó gun òkè. Òdòdó náà wọ àyè rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò fún, kò ṣò. Odette pàtẹ́wọ́, ó fa ìwé yọ.

"Tonton Sìrájù, orúkọ yín ni mo fẹ́ kọ síbí: maître artisan."

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Sìrájù ti ń wá oyè ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà yẹn. Ó wo ìsàlẹ̀, níbi tí Màmá ti ń gbọn amọ̀ kúrò lára ìró wọn.

"Madame, èmi kàn gbé e gun òkè ni. Ẹ kọ Àlàkẹ́."