Ọdún Kìn-ín-ní Lẹ́ẹ̀kejì

Nígbà tí Ọmọlará Adékọ̀yà sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì ní Port Harcourt ní oṣù kẹfà ọdún 1964, ó ti sunkún tán lójú ọ̀nà. Ọdún kan gbáko ló fi kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá, nítorí bàbá rẹ̀ ní ọmọ kì í gbàgbé ilé. Ilé wo? Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe akọ̀wé báńkì, píjìn ló sì kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bó bá ti sọ Yorùbá láàrin àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, wọn a bú sẹ́rìn-ín. Kobokobo, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ni wọ́n sọ ọ́. Òun nìkan sì ni obìnrin ní kíláàsì. Olùkọ́ a máa bi í lójú gbogbo ènìyàn bóyá ilé ìdáná ló ń wá tó fi ṣìnà débẹ̀. Nígbà tó yá, kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ìdánwò dé, ó yege nínú méjì, ó fìdí rẹmi nínú méjì.

"Mo ti bá máníjà báńkì wa sọ̀rọ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tẹ tápíráítà. Ọjọ́ Ajé lo máa bẹ̀rẹ̀."

"Papa, ẹ ṣé. N kò ní í lọ."

"Kí lo wí?"

"Ìdánwò ni mo fìdí rẹmi, Papa. Orí mi ò fìdí rẹmi."

Hannah ìyá rẹ̀, tó ń rán aṣọ ilé ìwé lọ́wọ́, dá ẹ̀rọ dúró.

Boma, ọmọ Kàlàbárì tí ilé wọn kángun sí tiwọn, wà ní yunifásítì Nsukka, ó sì ti wá sílé fún ìsinmi. Ó gbọ́ ìtàn náà tán, ó kọ háà. "Come our school, my sister! Who be dem wey go dey laugh you?" Àwọn méjèèjì ló jọ kọ lẹ́tà sí yunifásítì náà. Èsì dé nínú oṣù kẹjọ: Nsukka yóò gbà á, ṣùgbọ́n ọdún kìn-ín-ní ni yóò tún bẹ̀rẹ̀, òbí sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Bàbá rẹ̀ ti ìwé náà sẹ́yìn. "Ẹgbẹ́ rẹ ń lọ sí ọdún kejì, ìwọ ń rìn sẹ́yìn. Ò ń sá fún wọn ni."

"Bó bá ṣe pé mo fẹ́ sá, Papa, báńkì yín ni ǹ bá sá wọ̀. Ẹni tó ṣìnà, oríta ló ń padà sí."

Bàbá dìde, inú ń bí i. Kó tó sọ̀rọ̀, Hannah ti mú kálàmù orí tábìlì.

"Màmá Lará, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Òbí ni wọ́n kọ síbí, Bàbá Lará. Àbí wọ́n bá mi bí i ni?" Ó fọwọ́ síwèé. "Bí ẹ máa bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí. Ọmọ ń lọ."

Bàbá kò bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò dé ibùdókọ̀ rélùwéè lọ́jọ́ tí Ọmọlará ń lọ. Ìyá rẹ̀ nìkan ló juwọ́ sí i.

Ní Nsukka, nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, olùkọ́ kọ ìbéèrè kan sójú pátákó. Ọmọlará nawọ́, ó jáde, ó ṣe é, ó ṣì í. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kò padà sí ìjókòó. Ó yíjú sí wọn.

"Ẹ rín in tán, n ó dúró," ló fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wọn. Ó mú aṣọ, ó nu gbogbo rẹ̀ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló nu ún. Ní ìkẹrin, ó gbà á. Olùkọ́ náà kàn fi orí dá a lóhùn, ó kọ ìbéèrè mìíràn.

Nígbà tí ọdún parí, kò sí ìdánwò kan tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ka èsì ìdánwò náà lórí ìdúró, ó ní, "Ó dáa," ó sì béèrè oúnjẹ rẹ̀.