Ojú Tuntun fún Àpótí Ayọ̀bọ́lá

Tíṣà Pius Dúrótoyè kì í ṣe ẹni tí í gbà pé òun ṣàṣìṣe. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe olùkọ́, ó ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní Erijiyan, ó ṣe é ní Ara, kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Aramọkọ. Síbẹ̀, bírò pupa ò kúrò nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kọ lẹ́tà sí i, á kọ́kọ́ fi bírò pupa tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ka ohun tí wọ́n ní kó gbọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa fi í rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe níṣojú rẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìtàn ìdílé rẹ̀ àti ìgbé ayé ara rẹ̀. Ayọ̀bọ́lá, ọmọ rẹ̀ kẹta, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ó sì ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí wọ́n fẹ́ gbé dànù níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí bàbá òun máa kọ ọ́ ránṣẹ́, òun á máa tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. Bí Tíṣà bá ti kọ ìwé kan kún, á fún awakọ̀ tó ń lọ sí Àkúrẹ́. Ìwé mẹ́fà lọ báyìí láìsí wàhálà.

Kí ìwé keje tó lọ ni Ayọ̀bọ́lá wálé lọ́jọ́ Sátidé kan, tó ní òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Táyọ̀ lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Ayétòrò, ṣùgbọ́n ó ti gbé ìyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì rí, ìyàwó sì ti já a sílẹ̀. Tíṣà, tí í ka Bíbélì fún ìjọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, fárígá. Ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ọmọ bá padà sí Àkúrẹ́ láìjẹun. Ìwé keje wà lórí tábìlì nígbà náà, orí tó dá lórí ilé òun fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, orúkọ ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tò níbẹ̀. Tíṣà mú rúlà, ó mú bírò pupa, ó fa ìlà gbọọrọ la orúkọ kẹta já. Lọ́jọ́ Ajé, ó fi ìwé náà rán awakọ̀ sí ọmọ tó fi ìlà pa rẹ́. Kò sọ fún Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kọkànlá sígbà yẹn, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá, mọ́tò tí Ayọ̀bọ́lá wọ̀ bọ̀ wálé gbòkítì. Báàgì tó gbé dání ò padà wálé, bẹ́ẹ̀ ni ìwé méjèèje inú rẹ̀ ò padà wálé.

Òbí kì í rí sàréè ọmọ, nítorí náà àwọn ẹbí ló sin ín, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ létí ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, Gbádégẹṣin, ló lọ palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́ ní Àkúrẹ́ kí òbí má bàa fojú kan ẹrù ọmọ wọn. Gbogbo aṣọ àti bàtà ló pín fáwọn ará ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó dé orí kọ̀ǹpútà, ó pe sikirínì, ojú rẹ̀, ní tẹlifíṣọ̀n, ó gbé e fún ìbátan kan. Ìbátan yí bọ́tìnnì títí, kò rí àwòrán kankan, ló bá gbé e fún oníṣẹ́ rédíò, ẹni yẹn sì tú u palẹ̀. Àpótí tó kù àti àwo bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé sínú rẹ̀, tí kò jọ ohun kan lójú Gbádégẹṣin, òun ló kó wálé, ó sì gbé rédíò rẹ̀ lé àpótí lórí. Kò ṣìkà, kò mọ̀ ni.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, Tíṣà lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rí àpótí lábẹ́ rédíò. Ó gbé rédíò sọ̀ kalẹ̀. Ayọ̀bọ́lá ti ṣàlàyé fún un rí pé ohun tó ń tàn yẹn, ojú lásán ni, inú àpótí ni ọgbọ́n wà, gbogbo ohun tí òun bá tẹ̀, ibẹ̀ ló ń sùn sí. A jẹ́ pé ìdáhùn wà nílé. Bí ìwé keje ò bá sí nínú àpótí, a jẹ́ pé ọmọ náà kò ṣí i rárá, kò rí ìlà pupa, kò mọ̀ nígbà tó wọ mọ́tò pé bàbá òun ti yọ òun kúrò. Tíṣà ń gbàdúrà pé kó má sí níbẹ̀. Àgbàlagbà yìí ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ kó má jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ parí iṣẹ́ tó rán an.

Ó kó àpótí àti àwo bọ́tìnnì rẹ̀ wálé. Àbẹ̀kẹ́ rò pé ìwé ìtàn ló ń wá, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Òun ló kọ̀wé sí àkọ́bí wọn, Olúkáyọ̀dé, ní Èkó pé kó ra ojú kọ̀ǹpútà fún bàbá rẹ̀. Olúkáyọ̀dé gbé e wá ní Àjíǹde ọdún 1995, tuntun nínú páálí, aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé kò sí lẹ́tà tó kéré jù fún un, pé bàbá òun ò ní nílò awò ojú.

Ni wọ́n bá fẹ́ fi wáyà rẹ̀ bọ ẹ̀yìn àpótí. Kò wọlé. Wọ́n yí i sókè, wọ́n yí i sísàlẹ̀, kò wọlé. Tíṣà wá fi ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan kà á bí ẹni ń ka ẹsẹ ìwé fún ọmọ kíláàsì kìíní: pínnì tó yọ lórí wáyà jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìlà mẹ́ta, ihò ẹ̀yìn àpótí jẹ́ mẹ́sàn-án ní ìlà méjì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Sunday, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà ṣe ní Adó, ló là wọ́n lóye. Ó wá lọ́jọ́ kan, ó tú àpótí, ó mi orí.

"Bàbá, kì í ṣe ọ̀ràn ihò nìkan. Kódà bí mo bá so wáyà pọ̀, wọn ò ní gbọ́ra wọn. Àpótí yìí ti pẹ́, bó ṣe ń ránṣẹ́ sójú tiẹ̀ yàtọ̀. Ojú tuntun yìí ń fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀ kúnnákúnná. Káàdì kan, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń ṣe ògbufọ̀, ló máa wà láàárín wọn, èyí tó kúrú nìkan ló sì máa wọ inú àpótí yìí."

"Ibo la ti í rí i?"

"Wọn ò ṣe é mọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa wá a."

Oṣù méjì ló fi wá a. Inú kọ̀ǹpútà kan tó ti kú ní Ìbàdàn ló ti yọ ọ́. Ó gbé e wá ní àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sidé kan, ó tì í bọ inú àpótí, ojú tuntun sì wọ ihò rẹ̀ wẹ́rẹ́. Wọ́n tan iná sí i. Dúdú ni ojú dá. Àyà Tíṣà balẹ̀ wọ̀ọ̀, ojú sì tì í pé ó balẹ̀. Àfi bí Sunday ṣe rẹ́rìn-ín, tó ní òun gbàgbé ohun kékeré kan: síwíìṣì wíńníwínní kan wà lórí pátákó inú àpótí, tó ṣì ń sọ fún àpótí pé ojú àtijọ́ ló wà lára rẹ̀. Ó fi orí bírò tì í. Nígbà tó tún tan iná, ojú mọ́ gbòò.

"Uná ti tàn!" ni Àbẹ̀kẹ́ sọ, tó fi etí ìró nu ọwọ́.

Orúkọ ìwé tò sójú rẹ̀: ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Tíṣà ń kà á lọ pẹ̀lú ètè rẹ̀. Ó dé ìkẹfà, ó di ojú. Nígbà tó là á, ìkeje wà níbẹ̀.

"Ọjọ́ wo ló tẹ èyí kẹ́yìn?" ni ó bi Sunday.

Sunday fọwọ́ tọ́ka sí i. "Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá, ní aago mẹ́rin kọjá."

"Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni kejìdínlógún," ni Àbẹ̀kẹ́ wí.

Sunday ṣí i. Ọ̀rọ̀ Tíṣà ni láti òkè délẹ̀, Ayọ̀bọ́lá ò yí ọ̀kankan padà, àní gbólóhùn tó gùn jù tí òun fúnra rẹ̀ ì bá fi bírò pupa gé. Ó kàn jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan hàn ketekete, Tíṣà ò sì nílò awò. Ó wù ú kó nílò rẹ̀. Wọ́n dé ibi tó to àwọn ọmọ tí Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ sí. Ọ̀kan, Olukayode. Èjì, Nike. Ẹ̀ta, kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rin, Omotoso.

Àbẹ̀kẹ́ súnmọ́ ọn. "Bàbá Káyọ̀dé, kí ló dé tí ibí ṣófo? Ṣé ùwé náà ò pé ni?"

"Bóyá ó gbàgbé láti tẹ ìyẹn ni, Mọ́mì," ni Sunday dá sí i.

"Kò gbàgbé," ni Tíṣà sọ. "Èmi ni mo fi ìlà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́ sí i. Ó tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ní kó tẹ̀ ẹ́."

Àbẹ̀kẹ́ wo ojú ọkọ rẹ̀, ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà. Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n ti jọ wà, kò wò ó báyẹn rí.

Tíṣà ní kí Sunday dìde. Ó jókòó síbẹ̀, ó ní kó fi bí òun yóò ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ta han òun. Ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú ní àlàfo náà, ó ń tàn, ó ń kú. Ó na ìka kan, ó ń wá lẹ́tà àkọ́kọ́ láàárín bọ́tìnnì tí ọmọ rẹ̀ ti fọwọ́ tẹ̀ títí wọ́n fi ń dán.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Àbẹ̀kẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bó ṣe fi í sílẹ̀ fún yín nìyẹn."

Ìka Tíṣà dúró lófuurufú. Àbẹ̀kẹ́ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ulé, tó ń pe Ayọ̀bọ́lá, tó ń pè é léraléra, orúkọ tí wọ́n ti fi òfin dè látoṣù méje.

Sunday rọra bi Tíṣà bóyá kí òun pa kọ̀ǹpútà náà. Tíṣà ní kó má tíì pa á.