Ilé Tí Kò Lẹ́nu Ọ̀nà

Láti ìgbà tí àwọn ilẹ̀ mẹ́tàlá tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ti lé e lọ, tí kálukú sì di orílẹ̀-èdè tirẹ̀, ni Kònẹ́tíkọ́tì àti Pẹnsilféníà ti ń du àfonífojì wa. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n jọ gbà: bí awọnlẹ̀ bá dé, tó bá ilé tó ní òrùlé, tí iná ń jó nínú rẹ̀, tí onílé sì wà nílé, onílé ló ni ilẹ̀. Bí kò bá bá ilé, orílẹ̀-èdè tó rán an níṣẹ́ ló gbà á.

Inú àgọ́ aṣọ ni èmi àti ìyá mi ṣì wà nígbà tí a gbọ́ pé awọnlẹ̀ Pẹnsilféníà ń bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ Kònẹ́tíkọ́tì ni wá. Síbẹ̀, Kásípà aládùúgbò wa, ọmọ Pẹnsilféníà pọ́ńbélé, ló kọ́kọ́ gbé àáké dé.

Ìyá mi ní, "Kásípà, orílẹ̀-èdè rẹ lo fẹ́ gbalẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ o."

"Ìyá Kesáyà, ṣé orílẹ̀-èdè mi ló ń se ẹ̀wà fún mi ni?"

Ìtì igi la fi ń kọ́lé níbí. A ó to ògiri dókè ná, lẹ́yìn náà la ó fi ayùn gé ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi gba orí ògiri bọ́ sínú láti mọ ààrò. Ìkánjú wá mú wa, a ju òrùlé lé e. Bí èéfín ṣe yọ tí a hó yèè, bẹ́ẹ̀ ni awọnlẹ̀ gun ẹṣin dé.

"Ta ló nilé?"

"Èmi ni!" ni ìyá mi pariwo láti inú.

Ó yí ilé po, ó tún un yí po. "Màmá, ibo lẹ gbà wọlé?"

Ayùn bọ́ lọ́wọ́ Kásípà. A ti gbàgbé láti gé ẹnu ọ̀nà!

Awọnlẹ̀ ní, "Àpótí lèyí. Kì í ṣe ilé."

"Àpótí wo ló ń rú èéfín? Bí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ wá mú mi jáde!"

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí ayùn. Kásípà ní, "Ẹ rọra o, ọ̀gá. Òfin wa ní Pẹnsilféníà ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé ara ilé onílé láìgbàṣẹ."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni awọnlẹ̀ wí, ó sì fa ọwọ́ kúrò lára ayùn.

"Ẹ ti gbà pé ilé ni nìyẹn!"

Awọnlẹ̀ fún ẹnu pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín borí rẹ̀. Ó fa àáké yọ, ó kọjú sí igi óòkù tó wà létí ilẹ̀. "Màmá, àmì wo ni kí n gé sí i pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀?"

"Èyí tó bá wù yín! Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n yọ mí, èéfín ń pa mí lọ!"

Nígbà tí a gé ẹnu ọ̀nà tí ìyá mi jáde, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó sì di awọnlẹ̀ mú, ó ń bá a jó.