Àpótí Méjì Tí Mo Fi Sílẹ̀

Gbàdàmọ́sí ọkọ mi ti pinnu láti fi Sùmáyà ọmọ wa ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ọmọ náà lè gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Faransé àti Zarma, èdè ìlú tí à ń gbé, ló fi ń dá wa lóhùn nílé.

Mi ò fẹ́ kó lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n fi èmi náà ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí ọ̀dọ̀ ìbátan bàbá mi kan ní àdúgbò Zongo, níbí ní Niamey, ní ilẹ̀ Niger. Garawa omi mọ́kànlá ni mò ń pọn láràárọ̀, méjìlá lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí n tó mọ ìwé kà, ní ilé-ìwé alẹ́. Mo sọ èyí fún ọkọ mi. Ó ní ẹ̀rọ omi wà nínú ilé ẹ̀gbọ́n òun.

Sùmáyà ló kó eré kan wálé láti ilé-ìwé. Èèyàn á fi pẹ́ńsù tó àmì sórí ìwé ní ìlà márùn-ún, àmì márùn-ún ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì á máa gbà á fún ara wọn láti fa ìlà láti àmì kan sí èkejì. Ẹni tó bá fa ìlà kẹrin tó pa àpótí kan dé ló ni àpótí náà. Yóò kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀, yóò sì tún fa ìlà mìíràn, dandan ni. Gbogbo àpótí jẹ́ mẹ́rìndínlógún.

Ọkọ mi ò fi eré yìí sílẹ̀ mọ́. Aṣọ ló ń tà ní Grand Marché, bélì bélì. Kì í já a tà lẹ́yọ-lẹ́yọ. Bó ṣe ń ṣòwò náà ló ń ṣeré: ohun tó bá ti ṣí sílẹ̀, yóò kó gbogbo rẹ̀. Ó borí Sùmáyà, ó borí mi, ó borí Bùkárì ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń gba orí afárá wá láti Harobanda lódìkejì odò kí wọ́n lè borí rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí ọmọ wọkọ̀, ó wí lójú Bùkárì pé, "Ẹni tó bá borí mi nínú ilé yìí, kó béèrè ohun tó bá fẹ́."

Mo nu ọwọ́ mi, mo jókòó.

"Bàbá Sùmáyà, tí mo bá borí yín, ọmọ ò ní lọ."

Ó wo Bùkárì. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Fa tìrẹ," ló wí.

A fà á títí kò fi sí ibi téèyàn lè fa ìlà sí mọ́ láì ṣí àpótí sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Èmi ló kàn. Nínú ọ̀wọ́ àpótí tó so mọ́ra, mo ṣí èyí tó kéré jù, àpótí mẹ́rin. Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá di dandan kó tún fa ìlà. Ó ṣí ọ̀wọ́ àpótí márùn-ún fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀wọ́ kan péré ló kù, àpótí méje.

Mo kó mẹ́ta, ọwọ́ mi dúró. Gàrí ni èmi ń tà ní ọjà Bobiel, tíà tíà, bí ẹni ń wọn kóńgò. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún, mi ò tíì wọn tíà kan kí n má bu èènì lé e. Oníbàárà tó bá gba èènì á padà wá. Tí mo bá kó méjì tó kù, èmi ni màá ṣí méje fún un. Mo fa ìlà mi sí òpin ọ̀wọ́ náà, mo fi méjì sílẹ̀ fún un.

Sùmáyà ní mo fi méjì ṣòfò. Bùkárì ní òun ò rí ẹni tó ń bu èènì fún ẹni tí wọ́n jọ ń jà rí.

Ọkọ mi fi ìlà kan ṣoṣo pa àpótí méjèèjì dé. Ó kọ G, ó kọ G. Ó wá rí i pé òun náà ló tún kàn. Ó bi Sùmáyà bóyá dandan ni. Sùmáyà ní dandan ni.

Ó ṣí méje. Mo kó méje. Mẹ́wàá sí mẹ́fà.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bùkárì kà á lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ó ní Sùmáyà ò ní wá mọ́. Ìyẹn béèrè bóyá ara ọmọ ò yá. Ọkọ mi wò mí. Ó lè ní ilé-ìwé ni, ó lè ní ìwé ìrìnnà ni.

"Ìyá rẹ̀ ò gbà," ló wí.

Ọdún mọ́kàndínlógún la ti fẹ́ra. Mi ò gbọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀ rí. Ó na fóònù sí mi. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi, mo sì béèrè orúnkún tó ń dùn ún. Ó ní ó ti ń rọlẹ̀, pé ta ni yóò wá kọ́ ọmọ náà ní Yorùbá báyìí. Mo ní èmi ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n dìde nílẹ̀.