Ọba Páṣíà Lọ́rùn Ìbíọlá

"Bọ́ ọ kúrò lọ́rùn, mo ní! Lọ́jọ́ Àìkú tí o máa gba Kọmúníọ̀n, ṣé ojú ọba abọ̀rìṣà lo fẹ́ gbé lọ bá fadá?"

Ohùn Geneviève ti dé títì kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀. Nínú ìsọ̀ Gérard, ọkọ rẹ̀ tuntun, ni wọ́n wà, lẹ́bàá òkè ní Atakpamé. Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni Gérard. Fàdákà sì wọ́n bí ojú lọ́dún 1979 yẹn. Owó fàdákà àtijọ́ tó wà lọ́rùn ọmọkùnrin Geneviève nìkan ni wọ́n lè yọ́ fi rọ àgbélébùú fún un.

Ìbíọlá, ọmọ ọdún mọ́kànlá, fọwọ́ méjèèjì bo ọrùn. "Bàbá mi ló fún mi."

"Bàbá rẹ ti kú láti ọdún mẹ́ta! Ta ló ń bọ́ ọ báyìí?"

"Mùsé Gérard ni, Màámá."

Mùsé, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni! Ọmọ náà ti ń gbé nílé ọkùnrin yìí fún ọdún kan gbáko, bó ṣe ń pè é nìyẹn, bí ẹni pé agbowó-orí ni.

Gérard fi ẹwìrì sílẹ̀. "Jẹ́ n wò ó. Mi ò ní gbà á."

Owó náà fẹ́lẹ́ bí ewé. Ọba kan wà lójú rẹ̀, ó dé adé tó ní ìyẹ́ bí ti ẹyẹ. "Kí ni wọ́n kọ sétí yìí?"

"Lárúbáwá ni. Bàbá mi ní àwọn Lárúbáwá ṣẹ́gun Páṣíà, ṣùgbọ́n wọn ò pa ojú ọba wọn rẹ́ lára owó. Ọjà ti mọ ojú yẹn. Owó tuntun tí wọ́n ń lù pàápàá, ojú ọba Páṣíà ló wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n kàn kọ 'Ní orúkọ Ọlọ́run' sétí rẹ̀ ni."

"Wọ́n ṣẹ́gun, wọn ò sì pa á rẹ́?"

"Wọn ò pa á rẹ́."

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, iná ń kú o!" ni Geneviève ké. "Ṣé ìtàn lẹ fẹ́ rọ ni?"

"Jẹ́ kó kú," ni Gérard wí.

Ó mú irin kékeré tó fi ń lu àmì ara rẹ̀ sára gbogbo òrùka àti yẹtí tó bá rọ.

"Ìbíọlá, èmi kọ́ ni mo rọ èyí. N kì í sì fi àmì sí ohun tí mi ò rọ. Ṣùgbọ́n bí o bá gbà fún mi, àyè ṣì kù létí."

Geneviève fà sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Ọmọ náà bọ́ okùn lọ́rùn. Ó gbé owó náà sórí irin ńlá tí Gérard fi ń rọ nǹkan, ó fi ìka méjì dì í mú.

"Ẹ má kan ọba o."

"Mi ò ní kàn án. Mú ọwọ́ kúrò díẹ̀."

"Rárá. Màá bá yín dì í mú."

Gérard gbé irin àmì náà lé etí owó, ó gbé òòlù sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.